Ogún dín kan: bẹ́ ẹ ṣe máa fi orí Yorùbá yín ṣe ìṣirò níbi ìdánwò iṣẹ́

Mo lọ ra áńkárá lọ́jà Kubwa níjọ́ kan, ìyá aláṣọ tó ń tajà fún mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ Hausa kó tó kó wá sí Abuja, ní ₦1,950 ni yáàdì kan, mo ní kó gé mẹ́fà fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọwọ́ bàpò kí n yọ fóònù kí n ṣí kalikulétọ̀ ni, ìyá ti ní "ẹgbàáfà dín ọ̀ọ́dúnrún, mówó wá." Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ₦11,700 gẹ́lẹ́. Mo bi í pé ẹ̀yin màmá, báwo lẹ ṣe ṣe é, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ò rí ilé ìwé lọ, ó ní "ṣebí ẹgbàá dín àádọ́ta ni yáàdì kan? Ka ẹgbàá lọ́nà mẹ́fà, ka àádọ́ta lọ́nà mẹ́fà, kó o yọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo jókòó ṣèdánwò fún iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, ìbéèrè 40 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo wà lórí ìkẹtàlélógún nígbà tí kọ̀ǹpútà padé mọ́ mi lójú. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n o. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Mo kàn ń to nọ́ńbà lérí ara wọn bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní Praimárì Fọ́ọ̀, mo ń gbé ẹyọ kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń gbé méjì, àsìkò ń lọ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń kó àwọn ọmọ wa mélòó kan jọ lọ́jọ́ Sátidé nílé mi, a máa ń jókòó sí bálíkónì, a ó máa ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, kó lè wúlò fún ẹni tí wọ́n bá ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìpè yẹn dáadáa ná. Ìdánwò àwọn Immigration, Civil Defence, Fire àti Correctional tó wà lábẹ́ CDCFIB, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń gbà wọ́n síṣẹ́, ti Kọ́sítọ́ọ̀mù, ti NNPC, ti Federal Civil Service, ti báńkì, gbogbo wọn ò rí bákan náà, àwọn kan máa gbé kalikulétọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, àwọn míì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú bíírò wọlé rárá, àwọn kan máa yọ máàkì tẹ́ ẹ bá ṣì í, àwọn míì ò ní yọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yíyọ máàkì yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ méfò tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá yọ máàkì, ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo, kódà kó ku ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo sí gbogbo èyí tó kù. Àwa tá a wà ní Abuja ní 15 March 2014, a ò lè gbàgbé èrò tó ya bo National Stadium fún ìdánwò Immigration lọ́jọ́ yẹn, àwọn kan ò padà délé, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ìjókòó ti kọ̀ǹpútà yìí sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì, wàhálà tiẹ̀ kàn ni pé aago ò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ká wọnú ìṣirò.

Ẹ wo bá a ṣe ń ka owó lédè wa. A kì í sọ pé "mẹ́wàá àti mẹ́sàn-án", ọ̀kàndínlógún là ń sọ, ìyẹn ogún dín kan. 45, márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta dín márùn-ún. Àwọn baba wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún wa, àwa la gbé e jù sígbó tá a ń kọ ọ́ sórí pépà. Tí wọ́n bá ní 19 lọ́nà 7, ẹ má wulẹ̀ kọ nǹkan kan, ogún lọ́nà méje jẹ́ 140, ẹ yọ méje, 133. Wọ́n ní 45 lọ́nà 12, àádọ́ta lọ́nà 12 jẹ́ 600, márùn-ún lọ́nà 12 jẹ́ 60, ó ku 540. 98 lọ́nà 15, ọgọ́rùn-ún dín méjì nìyẹn, 1,500 yọ 30, 1,470. Tó bá wá jẹ́ yíyọkúrò, ẹ ṣe é bí ẹni tó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì, ẹ máa kà á lọ sókè. 2,400 yọ 1,985, láti 1,985 dé 2,000 jẹ́ 15, láti ibẹ̀ dé 2,400 jẹ́ 400, áńsà ni 415. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó kàwé gboyè nínú Accounting tí kò gbà pé ìṣirò gidi nìyí, ó ní ó dà bí ìṣirò ọlọ́jà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ọlọ́jà ti ṣì ṣéńjì ẹ rí?

Pásẹ́ǹtì ló ń pa èèyàn jù, torí náà ibẹ̀ la máa pẹ́ sí. Ẹ gbàgbé fọ́múlà ná, 10 pásẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìyá gbogbo ẹ̀, ẹ kàn máa gé òdo kan kúrò lẹ́yìn ni. 5 pásẹ́ǹtì jẹ́ ìdajì ẹ̀, 1 pásẹ́ǹtì ẹ gé òdo méjì, gbogbo yòókù ẹ máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀. VAT wa, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń lé sórí ọjà, jẹ́ 7.5 pásẹ́ǹtì láti February 2020, tí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ wá VAT orí ₦24,000, 10 pásẹ́ǹtì jẹ́ 2,400, ẹ pín ìyẹn sí mẹ́rin kẹ́ ẹ yọ ìdá kan, 600 kúrò nínú 2,400, ₦1,800. Dín ló tún ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn o, ẹ kíyè sí i. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé pásẹ́ǹtì ṣe é yí padà: 16 pásẹ́ǹtì 25 àti 25 pásẹ́ǹtì 16, ọ̀kan náà ni, èkejì yẹn sì jẹ́ ìdá mẹ́rin 16, mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan burúkú bíi 36 pásẹ́ǹtì 50, ẹ yí i padà, ìdajì 36, 18, ẹ máa lọ.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń dẹ pàkúté gan-an ni "ó fi pásẹ́ǹtì mélòó lé". Ẹ gbọ́ èyí: owó oṣù tó kéré jù tíjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí wà ní ₦30,000, ní 2024 ó di ₦70,000, pásẹ́ǹtì mélòó ló fi lé? Lọ́jọ́ tí mo gbé e kalẹ̀ nílé, ẹni mẹ́ta nínú àwa márùn-ún ló mú 57, wọ́n sì mú un kíákíá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Owó tó fi lé jẹ́ 40,000, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n wọ́n fi 70,000 pín in. Ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ lẹ máa fi pín in, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ dé. 40,000 lórí 30,000 jẹ́ 133 pásẹ́ǹtì àti díẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé 57 yẹn máa wà lára áńsà tí wọ́n to síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣubú. Bákan náà ni VAT tó kúrò ní 5 tó di 7.5, ẹ̀kún yẹn jẹ́ 50 pásẹ́ǹtì ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mú 2.5 ti jìn sí kòtò.

Ọ̀kan tún nìyí. Ìyá kan ń ta báàgì ìrẹsì ₦80,000, ó fi 20 pásẹ́ǹtì lé e, ọjà kú, ó wá yọ 20 pásẹ́ǹtì kúrò. Ṣé ó padà sí ₦80,000? Rárá o. Ó lọ sí 96,000, 20 pásẹ́ǹtì 96,000 jẹ́ 19,200, ó padà wá sí 76,800, ìyá ti sọ 4 pásẹ́ǹtì nù. Ẹ kan fi sórí pé lílé àti yíyọ iye pásẹ́ǹtì kan náà kì í gbé yín padà sílé, ẹ máa ń wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ni.

Tí ìbéèrè bá wá gba ẹ̀yìn wá, bíi kí wọ́n ní ẹ san ₦86,000 lórí ọjà kan pẹ̀lú VAT, èló ni ọjà fúnra ẹ̀? Ọ̀pọ̀ máa yọ 7.5 pásẹ́ǹtì kúrò nínú 86,000, wọ́n á rí 79,550, yóò sì wà lára áńsà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn níbí ni pé kẹ́ ẹ má ṣe ìṣirò rárá, ẹ mú áńsà tí wọ́n tò sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ máa dán an wò. Ẹ mú 80,000, VAT ẹ̀ jẹ́ 8,000 dín 2,000, ìyẹn 6,000, àpapọ̀ jẹ́ 86,000, ó parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí áńsà tó wà láàárín, tó bá pọ̀ jù ẹ sọ̀ kalẹ̀, tó bá kéré jù ẹ gòkè. Àwọn tíṣà wa ò bá nà wá lórí èyí nílé ìwé, ṣùgbọ́n níbi ìdánwò iṣẹ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ rí iṣẹ́ yín, lẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò.

Réṣíò ò le. Ẹ fi í ṣe owó àjọ. Ẹni mẹ́ta dáwó òwò, 2, 3, 5, èrè jẹ́ ₦450,000. Ẹ kó ìpín pọ̀, mẹ́wàá, ìpín kan jẹ́ 45,000, ó tán, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fún oníkálukú ni: 90, 135, 225.

Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ló máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa. Télọ̀ kan ní Nyanya lè rán iṣẹ́ kan tán lọ́jọ́ 6, èkejì lọ́jọ́ 12, tí wọ́n bá jọ rán an ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ 9, wọ́n ní àárín ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní olùrànlọ́wọ́ ṣe wá máa pẹ́ ju ìgbà tó dá nìkan ṣe é? Ẹ má bá ìdá kan lórí mẹ́fà jà. Ẹ kàn sọ pé iṣẹ́ yẹn jẹ́ aṣọ 12, torí 6 àti 12 jọ wọ inú 12. Télọ̀ àkọ́kọ́ ń rán aṣọ 2 lójúmọ́, èkejì ń rán 1, àwọn méjèèjì jẹ́ 3, aṣọ 12 á gbà wọ́n lọ́jọ́ 4. Ohun kan náà lẹ máa ṣe fún ẹ̀rọ omi tó ń kún táǹkì àti páìpù tó ń jò, èyí tó ń jò ẹ yọ ọ́.

Ti eré mọ́tò náà rèé. Ẹ lọ síbì kan tó jẹ́ 120 kìlómítà pẹ̀lú eré 60 ní wákàtí kan, ẹ fi eré 40 padà torí go-slow. Áfẹ́rééjì eré yín kì í ṣe 50 o. Lílọ gba wákàtí 2, bíbọ̀ gba 3, 240 kìlómítà ní wákàtí 5, 48 ni. Ibi tẹ́ ẹ ti rìn pẹ́ ló máa fa áfẹ́rééjì sọ́dọ̀. Tó bá jẹ́ rélùwéè, kì í ṣe ti Idu l'Abuja sí Rigasa ní Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2016 yẹn, ti inú ìbéèrè ni mò ń wí, tó gùn tó 200 mítà, tó fẹ́ kọjá lórí afárá 400 mítà pẹ̀lú eré 72 kìlómítà ní wákàtí, ẹ rántí pé ìrù ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò lórí afárá kó tó kọjá tán, torí náà 600 mítà ló máa rìn. Láti yí kìlómítà wákàtí sí mítà sẹ́kọ́ńdì, ẹ fi 18 pín in kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5: 72 pín 18 jẹ́ 4, lọ́nà 5 jẹ́ 20. 600 pín 20, sẹ́kọ́ńdì 30.

Tí wọ́n bá gbé tábù nọ́ńbà wá, ẹ ka àkọlé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà, torí "ní mílíọ̀nù" yẹn lè wà ní kọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Lẹ́yìn náà ẹ wo bí áńsà ṣe jìnnà síra. Tí wọ́n bá bi yín pé 389 jẹ́ pásẹ́ǹtì mélòó nínú 412, 389 àti 607 tá a ròpọ̀, tí áńsà sì jẹ́ 18, 28, 38, 48, kí lẹ fẹ́ fi ìṣirò gidi ṣe? Ó ń lọ bíi 390 nínú 1,400, ìdá mẹ́rin 1,400 jẹ́ 350, tiwa fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ, 28 ni, ẹ gbéra.

Àwọn nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹ kọ́kọ́ wo àlàfo tó wà láàárín wọn. 2, 6, 12, 20, 30: àlàfo jẹ́ 4, 6, 8, 10, èyí tó kàn 12, áńsà 42. Tí àlàfo bá ń di ìlọ́po méjì, bíi 3, 7, 15, 31, ẹ fura sí ìlọ́po méjì àti ẹyọ kan, 63. Tí nọ́ńbà bá ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, ìlà méjì ni wọ́n dì pọ̀: 5, 20, 8, 17, 11, 14, ẹ mú ọ̀kan fo ọ̀kan, 5, 8, 11, èyí tó kàn jẹ́ 14. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó fún ìṣẹ́jú kan tí kò yé yín, ẹ fi í sílẹ̀, ìgbéraga ló ń jẹ́ kéèyàn dúró tì í.

Ó wá ku ti làákàyè, èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń rò pé kò ṣe é kọ́. Ó ṣe é kọ́ o, kódà inú òwe ló wà. Gbogbo alángbá ló dànú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ jẹ́ ká dúró sórí òwe yẹn díẹ̀. Tí mo bá sọ fún yín pé gbogbo alángbá tínú ń run ló dànú délẹ̀, tí mo sì tún nawọ́ sí alángbá kan tó dànú délẹ̀, ṣé ẹ lè sọ pé inú ń run ún? Ẹ ò lè sọ ọ́. Ìdajì ìbéèrè "gbogbo" àti "àwọn kan" nìyẹn. Gbogbo ẹni tí wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ní ìwé NYSC, Sani ní ìwé NYSC, torí náà wọ́n pe Sani. Irọ́ ni, alángbá ni Sani, a ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n pè é. Èyí tó ṣe é sọ ni ìdàkejì ẹ̀: tí Aisha ò bá ní ìwé NYSC, a jẹ́ pé wọn ò pè é.

Bí "àwọn kan" bá jẹ́ méjì, ẹ jókòó. Àwọn kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń kọrin. Ṣé oníkẹ̀kẹ́ kan ń kọrin? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò dájú, ohun tí wọ́n sì ń bi yín ni èyí tó dájú. Ẹ ya róbótó mẹ́ta sórí pépà, ẹ gbìyànjú láti yà á kó má bá ohun tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mu, tó bá ṣe é yà bẹ́ẹ̀ láìba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́, ẹ má gbà á.

Ti "bí" náà ní òwe tiẹ̀. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ rí obìnrin kan tó ń jẹ́ Kúmólú, kí lẹ máa sọ? Pé ìdí wà. Ó dájú, ẹ lè fi orí ṣe tẹ́tẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ pé ìdí wà, ṣé dandan ni kí obìnrin náà máa jẹ́ Kúmólú? Rárá, ó lè máa jẹ́ Àṣàkẹ́ síbẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fún yín ní "bí eléyìí bá ṣẹlẹ̀, tọ̀hún á ṣẹlẹ̀", ohun méjì péré ló tọ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀: eléyìí ṣẹlẹ̀, nítorí náà tọ̀hún ṣẹlẹ̀, tọ̀hún ò ṣẹlẹ̀, nítorí náà eléyìí ò ṣẹlẹ̀. Ohunkóhun míì tí wọ́n bá gbé wá, Àṣàkẹ́ ni.

Ibi kan wà tí èdè wa máa ń ko wá lójú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, ìyẹn ni ti ìbátan. Àwa Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ọmọ àbúrò bàbá wa náà ẹ̀gbọ́n la ń pè é, ọ̀rẹ́ bàbá wa bàbá ni. Òyìnbó tó kọ ìbéèrè ò mọ ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, brother gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin tí bàbá tàbí ìyá yín bí, kò sí ti àdúgbò níbẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ má túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá lọ́kàn, ẹ yàwòrán ẹ̀, bàbá lókè, ọmọ nísàlẹ̀, ọkùnrin ẹ yà á sí igun mẹ́rin, obìnrin róbótó. Ọkùnrin kan nawọ́ sí fọ́tò ọmọbìnrin kan, ó ní bàbá òun ò bí ọmọkùnrin ju ẹyọ kan lọ, ọmọ tí ọmọkùnrin náà bí nìyí. Àwọn èèyàn á ti máa wá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kiri. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá ẹ̀ bí, òun fúnra ẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ni, ọmọ ẹ̀ ló wà nínú fọ́tò.

Ta ló jókòó síbo: ẹ fa ìlà márùn-ún, kẹ́ ẹ fi èyí tó dájú sáyè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka èyí tó ní "kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́". Èèyàn márùn-ún wà lórí bẹ́ńṣì, Sani wà ní ìpẹ̀kun apá òsì, Ngozi wà láàárín gan-an, Aisha wà lápá ọ̀tún Ngozi níbi tí wọ́n ti fara kanra, Bọ́lá ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sani, ibo ni Túndé wà? Sani mú àyè kìíní, Ngozi ìkẹta, Aisha ìkẹrin, ó ku ìkejì àti ìkarùn-ún, Bọ́lá ò lè wà ní ìkejì, Túndé ló ni ín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí Bọ́lá á ṣì máa pa á rẹ́ títí aago á fi lù.

Èyí tó máa ń já àwọn ọlọ́gbọ́n kulẹ̀ ni True, False, Cannot Say. Wọ́n á fún yín ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, ẹ gbọ́dọ̀ sọ bóyá ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ẹ̀ jóòótọ́, tàbí irọ́, tàbí ọ̀rọ̀ náà ò sọ. Ká ní ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí: iléeṣẹ́ kan ní Abuja ṣí wọ́káṣọ́ọ̀bù tuntun ní 2022, láti ìgbà náà iye òṣìṣẹ́ ẹ̀ ti kúrò ní 40 dé 65. Wọ́n wá ní, òṣìṣẹ́ ti fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i. Òótọ́, 25 lórí 40 ju ìdajì lọ. Òṣìṣẹ́ tó wà báyìí ò tó ti ìgbà tí wọ́n ṣí i. Irọ́. Wọ́káṣọ́ọ̀bù tuntun yẹn ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ pọ̀ sí i. Ibẹ̀ yẹn lẹ máa fẹ́ sọ òótọ́, ó sì dà bí òótọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kàn sọ pé nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra ni, kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì, Cannot Say ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ náà ń wá láti Nyanya àti Mararaba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ AYA láràárọ̀ máa fẹ́ búra pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Abuja, kẹ́ ẹ fi sínú báàgì, kẹ́ ẹ fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ni òótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá kọ́ ọ: ojoojúmọ́ ni, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sàn ju kẹ́ ẹ jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ. Tẹ́ ẹ bá wọ along, ìyẹn mọ́tò tó ń gbé èèyàn lójú ọ̀nà, láti Kubwa lọ sí Berger, ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò tó wà níwájú yín, ẹ mú nọ́ńbà mẹ́ta àárín ẹ̀, ẹ wá 15 pásẹ́ǹtì ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1,000, ẹ ṣe é fún mọ́tò tó kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ máa rí i pé ẹnu yín ti ń yá ju ọwọ́ lọ. Ẹ mọ táìmù tébù dé 15 lórí, kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Ẹ ní ìwé àṣìṣe kan. Gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ bá ṣì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìdí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: mi ò mọ̀ ọ́n, tàbí mi ò kà á dáadáa, tàbí mo kánjú. Tèmi, nígbà tí mo ka ìwé mi lẹ́yìn oṣù kan, "mi ò kà á dáadáa" ló pọ̀ jù, mi ò rí ọ̀rọ̀ "kò" nínú ìbéèrè, wọ́n bi mí ní èrè mo wá iye tí wọ́n tà á. Látìgbà yẹn ìlà tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ máa ń kà, kí n tó padà sókè.

Ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi aago sí i. Tó bá jẹ́ ìbéèrè 40 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, sẹ́kọ́ńdì 45 ló kan ìkọ̀ọ̀kan, ẹ lọ yíká lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú gbogbo èyí tó rọrùn, ẹ padà wá bá èyí tó le. Máàkì kan náà ni wọ́n fún 19 lọ́nà 7 àti ti rélùwéè orí afárá. Ẹ sì ṣe é lójú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó lọ, kódà kó jẹ́ ní sáíbà kàfé, torí kíka nǹkan lójú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ máa yàwòrán lórí pépà nísàlẹ̀ ń rú ẹni tí kò bá mọ́ lára lójú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti apá Mararaba, ẹ tẹ ìwé ìpè jáde ní méjì, kẹ́ ẹ sùn.

Ẹ ṣe mẹ́rin yìí lálẹ́ òní láìmú bíírò. 29 lọ́nà 8. VAT orí ₦64,000. Nọ́ńbà tó kàn: 4, 9, 19, 39. Ìkẹrin: bí òjò bá rọ̀, Túndé kì í lọ sọ́jà, Túndé ò lọ sọ́jà lónìí, ṣé òjò rọ̀?

Áńsà mi ni 232, ₦4,800, 79. Ìkẹrin, a ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé owó ni ò sí lọ́wọ́ ẹ̀.